Kí Ló Dé Tí Nixon Kò Fi Dáná Sun Àwọn Téèpù Náà?

Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ni ìbéèrè kan ti gbà mí lọ́kàn, tí kò jẹ́ kí n rójú ronú sí nǹkan mìíràn. Kì í ṣe ìbéèrè tuntun. Ó ti tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún tí àwọn òpìtàn Amẹ́ríkà ti ń bi ara wọn. Ní oṣù Keje ọdún 1973, ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé Ààrẹ Richard Nixon ti ń fi ẹ̀rọ gba ohùn gbogbo ẹni tó bá wọ ọ́fíìsì rẹ̀ sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ilé ẹjọ́ kankan kò tíì pàṣẹ pé kí ó kó àwọn téèpù náà wá. Kí ló dé tí kò dáná sun wọ́n? Inú wọn ni ẹ̀rí tó lé e kúrò lórí oyè wà. Ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, tàbí kí a sọ pé ó yẹ kó mọ̀. Síbẹ̀ ó fi wọ́n sílẹ̀.

Títẹ́tí tí mo ń tẹ́tí sí àwọn téèpù náà ló bí ìbéèrè yìí. Ilé ìkàwé Nixon ti gbé púpọ̀ nínú wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá ní sùúrù lè gbọ́ wọn. Ohùn inú wọn kò já gaara: ife ń kan àwo, àga ń dún, ẹnì kan ń kùn, ẹlòmíràn ń wúkọ́, ọ̀rọ̀ á sì sọnù láàárín wọn. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé n kò gbọ́ ìbẹ̀rù nínú ohùn ẹnikẹ́ni. Ohùn tí wọ́n fi ń ṣètò ìrìn-àjò ààrẹ náà ni wọ́n fi ń ṣètò bí wọn yóò ṣe dá àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dúró lẹ́nu ìwádìí. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò rò pé etí kẹta wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ga jù nínú wọn mọ̀ dájú pé ẹ̀rọ ń gbọ́.

Láti ọjọ́ Ajé kan sí èkejì

N kò ní tún ìtàn Watergate pa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tó bá ti ń ka ìwé ìròyìn mọ̀ pé ọwọ́ tẹ ọkùnrin márùn-ún nínú ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat, nínú ilé ńlá tí wọ́n ń pè ní Watergate ní Washington, ní òru ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 1972, àti pé lẹ́yìn ọdún méjì ó lé díẹ̀ ni ààrẹ kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dúró lé lórí nínú gbogbo rẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 1973, tó sì parí ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó dé, ẹ̀rí ẹnu lásán ni ọ̀ràn náà rọ̀ mọ́. John Dean, tó ti jẹ́ agbẹjọ́rò White House, ti jókòó níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà tí Sẹ́nétọ̀ Sam Ervin jẹ́ alága rẹ̀, ó ti ka ọ̀rọ̀ tó kún ojú ìwé 245, ó sì ti sọ pé ààrẹ mọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Nixon ní irọ́ ni. Kí ni ẹnikẹ́ni fẹ́ fi mọ ẹni tó ń parọ́? Ọ̀kan jẹ́ ààrẹ tí ìpínlẹ̀ 49 nínú 50 ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò fún, èkejì jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin agbẹjọ́rò tí òun alára ti jẹ́wọ́ pé òun lọ́wọ́ nínú ìwà ọ̀daràn náà. Bí ọ̀rọ̀ bá dúró síbẹ̀, n kò rò pé Dean ni yóò borí.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù Keje, àwọn òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà pe Alexander Butterfield, ọ̀kan lára àwọn tó ti ń bá Nixon ṣiṣẹ́ tímọ́tímọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì bi í bóyá ẹ̀rọ kan wà tó ń gba ohùn ààrẹ sílẹ̀. Butterfield ti pinnu pé òun kò ní fi ẹnu ara òun sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi òun ní tààràtà, òun kò ní parọ́. Wọ́n bi í ní tààràtà. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Fred Thompson, agbẹjọ́rò àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Republican nínú ìgbìmọ̀ náà, tún bi í níwájú tẹlifíṣọ̀n, gbogbo orílẹ̀-èdè sì gbọ́. Ògiri létí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ti White House ní ẹnu pẹ̀lú.

Níbo ni Nixon wà? Ó wà lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Bethesda, níbi tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ti gbé e dè láti ọjọ́ 12. Ibẹ̀ ni àwọn olùdámọ̀ràn rẹ̀ ti wá bá a, wọn kò sì fẹnu kò. Fred Buzhardt sọ pé dúkìá ààrẹ fúnra rẹ̀ ni téèpù náà, pé kí ó bà wọ́n jẹ́. Leonard Garment fàáké kọ́rí pé ẹ̀rí ni wọ́n, pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn wọ́n yóò rí ìjà òun. Alexander Haig wí pé bí iná bá jó wọn, gbogbo ayé yóò gbà pé ẹlẹ́bi ni. H. R. Haldeman, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ White House tẹ́lẹ̀, tí Nixon ti ní kó lọ sílé ní oṣù Kẹrin, ránṣẹ́ pé àwọn téèpù náà ni ààbò tó dára jù tí wọ́n ní. Nixon sì kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ pé ó yẹ kí òun ti ba àwọn téèpù náà jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin, ọjọ́ tí Haldeman àti John Ehrlichman, olùdámọ̀ràn rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ abẹ́lé, fipò sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún wa nínú ìwé ìrántí ayé rẹ̀.

Ẹni tó kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ti mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ó jáde ní ilé ìwòsàn ní ọjọ́ 20, ó sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí àwọn tó bá fẹ́ máa yíràá nínú Watergate máa yíràá lọ, pé iṣẹ́ tí aráàlú yàn wọ́n láti ṣe ni wọn yóò ṣe. Ní ọjọ́ 23, Archibald Cox, agbẹjọ́rò àkànṣe tó ń wádìí ọ̀ràn náà, àti ìgbìmọ̀ Ervin gbé ìwé àṣẹ jáde pé kí ó kó àwọn téèpù kan wá. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá fi iná sí wọn ti ṣe ohun tí kò sí agbẹjọ́rò tó lè gbà á sílẹ̀. Àyè náà ti dí.

Arọ́kin tí kò mọ ohun tó yẹ kó fò

Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ jù ni pé òfin ló dá a dúró. N kò gbà á. Ẹ̀rọ yìí kan náà ló gba ohùn Nixon sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 1971, níbi tó ti ń pàṣẹ pé kí wọ́n lọ fọ́ ilé iṣẹ́ ìwádìí Brookings ní Washington, kí wọ́n já sééfù ibẹ̀, kí wọ́n sì kó ìwé inú rẹ̀ wá. Wọn kò ṣe é nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹni tó lè pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kò ní torí òfin nìkan dá ọwọ́ ìṣáná dúró.

Àwọn mìíràn ní owó ni. Èyí kò jìnnà sí òtítọ́ bí ènìyàn ṣe lè rò, nítorí pé láyé ìgbà náà ààrẹ kọ̀ọ̀kan ló ni ìwé àti àkọsílẹ̀ tó bá kó jọ lórí oyè, ó sì lè tà wọ́n. Nixon ti fi ìwé ìgbà tó jẹ́ igbákejì ààrẹ tọrẹ, ó ka iye wọn sí 576,000 dọ́là, ó sì fi yọ owó orí tó yẹ kó san. Wọ́n wá rí i pé ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìwé ẹ̀bùn náà kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i. Ní ọdún 1974 ó ní láti gbà láti san owó orí tó lé ní 400,000 dọ́là. Ẹni tó mọ iye tí bébà lè pa yóò mọ iye tí ohùn lè pa. Ṣùgbọ́n owó kò tó ohun tí ènìyàn ń fi oyè ààrẹ Amẹ́ríkà ṣòfò lé lórí.

Àwọn kan ní ìgbéraga ni, pé ó rò pé kò sí ilé ẹjọ́ tó lè fipá mú ààrẹ. Èyí sún mọ́ ọn dáadáa. Ní ọdún 1977, nígbà tí David Frost fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sọ pé bí ààrẹ bá ṣe nǹkan, a jẹ́ pé nǹkan náà kò lòdì sófin. Ẹni tó gba èyí gbọ́ kò ní rí ìdí tí yóò fi máa sá fún ilé ẹjọ́.

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ tó yé mi jù ni èyí tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Ó ní òun ti ń ronú pé àwọn ẹlòmíràn, àní àwọn tó sún mọ́ òun pẹ́kípẹ́kí, lè kẹ̀yìn sí òun bí Dean ti ṣe, àti pé bó bá di bẹ́ẹ̀, àwọn téèpù náà yóò dáàbò bo òun díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tún un kà. Kì í ṣe ọ̀tá ló ń fojú sọ́nà fún. Haldeman tó ń fún un nímọ̀ràn lójú ogun náà wà lára àwọn tó ń fura sí. Kò sí ẹnu ènìyàn alààyè kan tó fọkàn tán láti jẹ́rìí òun. Ẹ̀rọ nìkan ló kù.

Ọba Yorùbá ní arọ́kin láàfin, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa rántí ohun tí àwọn ọba ìṣáájú ṣe, láti máa kì wọ́n, láti máa ro ìtàn wọn. Arọ́kin tó mọṣẹ́ mọ ohun tí à ń ṣí sílẹ̀ lójú ọba àti ohun tí à ń fò. Nixon wá arọ́kin tí kò ní dalẹ̀, tí kò ní gba ẹ̀gúnjẹ, tí kò sì ní kọ ìwé ìrántí tirẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la láti gba ògo ọlọ́lá. Henry Kissinger, olùdámọ̀ràn rẹ̀ lórí ààbò orílẹ̀-èdè, ló ń bà á lẹ́rù jù nípa èyí. Ó rò pé Kissinger yóò sọ fún ayé pé òun ló ṣe gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyí tí Nixon, tó ní kí wọ́n tú ẹ̀rọ tí Lyndon Johnson, ààrẹ tó ṣáájú rẹ̀, fi sílẹ̀ dà nù ní ọdún 1969, fi tún ní kí wọ́n gbé tuntun wọlé ní oṣù Kejì ọdún 1971. Kennedy àti Johnson ti gba ohùn sílẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń tẹ bọ́tìnì nígbà tó bá wù wọ́n. Ọwọ́ Nixon kò mọ́ nǹkan ẹ̀rọ rárá, nítorí náà wọ́n ṣe tirẹ̀ ní èyí tó ń ta jí fúnra rẹ̀ bó bá ti gbọ́ ohùn. Kò sí bọ́tìnì, kò sí ìsinmi, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó yẹ kó fò. Nǹkan bí wákàtí 3,700 ló gbà kí wọ́n tó pa á ní ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 1973.

Ìfura loògùn àgbà

Nixon kò bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn yìí lórí oyè. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 1913 ní Yorba Linda ní California, lórí oko ọsàn wẹ́wẹ́ tí bàbá rẹ̀ kò rí èrè kankan lórí rẹ̀, wọ́n sì kó lọ sí Whittier láti máa ta oúnjẹ àti epo mọ́tò. Àbúrò rẹ̀ Arthur kú ní ọdún 1925, ikọ́ ẹ̀gbẹ sì pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Harold ní ọdún 1933. Ó kàwé òfin jáde ní yunifásítì Duke ní ọdún 1937 pẹ̀lú èsì tó dára gan-an, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò ńláńlá ní New York kò gbà á. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ọgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Títí tó fi kú ló ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ olówó tí wọ́n jáde ní Harvard bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

Ó gòkè kíákíá. Ẹni ọdún 33 ni nígbà tó wọ ilé aṣojú-ṣòfin, 40 nígbà tó di igbákejì ààrẹ. Láàárín méjèèjì, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1952, àwọn ìwé ìròyìn gbé e jáde pé àwọn olówó kan ń dá owó fún un ní ìkọ̀kọ̀. Ó lọ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ka gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó sọ pé ìyàwó òun kò ní ẹ̀wù onírun olówó iyebíye, ó sì ní ajá kékeré tí ẹnì kan fi ta àwọn ọmọ òun lọ́rẹ, òun kò ní dá a padà. Ó bọ́. Èrò tèmi ni pé ọjọ́ náà ló ti kọ́ ọ pé ẹ̀rọ ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ju ènìyàn lọ, nítorí pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ti ń múra láti fi í sílẹ̀ kí tẹlifíṣọ̀n tó gbà á.

Ìfura rẹ̀ kì í sì í ṣe òfìfo nígbà gbogbo. Ní ọdún 1960 ìbò tí Kennedy fi ṣáájú rẹ̀ kò tó 120,000 nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 68, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé màgòmágó wà nínú ti Illinois. Ní ọdún 1968 Johnson ní kí FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba, máa ṣọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún Nixon. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń ṣọ́? Ìwé tí Haldeman fọwọ́ kọ, tó jáde síta ní ọdún 2017, fi hàn pé Nixon ní kí Anna Chennault, obìnrin tó ń kówó jọ fún ìpolongo rẹ̀, máa bá àwọn aláṣẹ Gúúsù Vietnam sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, kí àdéhùn àlàáfíà má bàa bọ́ sí i kí ìbò tó wáyé. Olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè é tọ̀ lórí àpáta. Nixon mọ ohun tí ènìyàn lè ṣe lókùnkùn nítorí pé òun náà ti ṣe é.

Nígbà tó wá di ọdún 1971, oògùn náà ti pọ̀ jù fún ara rẹ̀. Oṣù Kejì ló gbé ẹ̀rọ sínú ògiri. Oṣù Kẹfà ni àwọn ìwé ìròyìn tẹ àkọsílẹ̀ ìkọ̀kọ̀ ìjọba nípa ogun Vietnam jáde, tí Daniel Ellsberg fi lé wọn lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Plumbers ti wà ní White House, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dí ibi tí àṣírí ti ń jò, nígbà tí oṣù Kẹsàn-án sì dé, wọ́n ti fọ́ ọ́fíìsì dókítà tó ń tọ́jú Ellsberg. Lára ẹgbẹ́ yìí ni Howard Hunt àti Gordon Liddy wà, àwọn tó darí ìfọ́lé Watergate ní ọdún tó tẹ̀lé e. Ibi tí mo ń lọ rèé: ìfura kan náà ló bí olè, ìfura kan náà ló sì bí ẹlẹ́rìí. Ẹni tó ń rán ènìyàn lọ fọ́lé nítorí pé kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni ni ẹni tí kò lè fi iná sí ohun kan ṣoṣo tó fọkàn tán. Ẹ máa bá a lọ, ẹ bi mí bóyá ó nílò olè náà. Kò nílò rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Massachusetts àti ìlú Washington nìkan ni kò dìbò fún un.

Nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀

Nixon kò kó àwọn téèpù sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 1973 ó ní kí wọ́n lé Cox kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Agbẹjọ́rò Àgbà Elliot Richardson kọ̀, ó fipò sílẹ̀; igbákejì rẹ̀, William Ruckelshaus, náà kọ̀, òun náà lọ; Robert Bork tó kàn lẹ́yìn wọn ló wá ṣe é. Ní oṣù tó tẹ̀lé e ni wọ́n kéde pé ìṣẹ́jú 18 àbọ̀ ti sọnù nínú ọ̀kan lára àwọn téèpù náà, èyí tí wọ́n gbà ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìfọ́lé náà. Rose Mary Woods, akọ̀wé rẹ̀, ní ó ṣeé ṣe kí òun ṣèèṣì pa bí ìṣẹ́jú márùn-ún rẹ́. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí ilé ẹjọ́ yàn wá sọ pé ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹnì kan ti tẹ ẹ̀rọ náà láti pa á rẹ́. Ẹni tó ṣe é kò yọjú títí di òní.

Ní òpin oṣù Kẹrin ọdún 1974, ó gbìyànjú ọgbọ́n mìíràn. Ó ní kí wọ́n tẹ díẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé tó lé ní ojú ewé 1,200, kí aráàlú kà á fúnra wọn. Wọ́n yọ èébú inú rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí àyè rẹ̀ pé a ti yọ ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí kúrò níbí. Àṣìṣe ńlá ni. Àwọn ènìyàn tí òfin tó rú kò tíì yé dáadáa lóye ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ yẹn lójú ẹsẹ̀. Ìwé ìròyìn Chicago Tribune, tó ti ń gbè é lẹ́yìn láti ọjọ́ pípẹ́, ní kí ó lọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, Nixon tẹ́tí sí téèpù ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 1972 fúnra rẹ̀, kò sì sọ ohun tó gbọ́ fún àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀. Nínú rẹ̀, òun àti Haldeman fẹnu kò pé kí àwọn ọ̀gá CIA, àjọ amí ilẹ̀ òkèèrè, sọ fún FBI pé kí wọ́n má ṣe tọ ipa owó tí wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn afọ́lé náà mọ́, kí wọ́n díbọ́n pé ọ̀rọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè ni. Ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn ìfọ́lé náà nìyẹn. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 1974, adájọ́ mẹ́jọ ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fohùn ṣọ̀kan pé kí ó kó téèpù wá, mẹ́ta nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí òun fúnra rẹ̀ yàn. Téèpù náà jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ 9, Gerald Ford ti di ààrẹ.

Wọ́n kò tíì gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán nígbà náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa tí a wà ní Áfíríkà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1968, nígbà tó ń polongo ìbò, Nixon sọ̀rọ̀ tó mú ọkàn gbọ̀n nípa ebi tó ń pa àwọn ọmọdé ní Biafra, ó ní Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ káwọ́ gbera. Nígbà tó dé orí oyè kò gba Biafra wọlé gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ṣì dùn-ún kà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1971, Ronald Reagan, tó jẹ́ gómìnà California, pè é lórí fóònù lẹ́yìn tí àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò láti gba ìjọba Beijing wọlé. Ó fi àwọn aṣojú ilẹ̀ Áfíríkà wé ọ̀bọ, ó ní bàtà ṣì ń ni wọ́n lára. Nixon rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó tún ọ̀rọ̀ náà rò fún mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè rẹ̀ bí àwàdà. Ọdún 2019 ni ọ̀rọ̀ yìí tó jáde. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín náà, n kò lè ka ọ̀rọ̀ Biafra yẹn bí mo ti ń kà á tẹ́lẹ̀.

Ohun tí àwọn tó tẹ̀lé e kọ́

Àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn láti máa sọ pé ìjọba wọn ṣiṣẹ́ bó ti yẹ nígbà náà: aṣòfin wádìí, adájọ́ dájọ́, akọ̀ròyìn kọ̀ròyìn, aláṣẹ sì lọ. Òtítọ́ wà níbẹ̀. John Mitchell, tó ti jẹ́ Agbẹjọ́rò Àgbà orílẹ̀-èdè náà, ṣẹ̀wọ̀n, Haldeman àti Ehrlichman náà ṣẹ̀wọ̀n. Àwa náà ní òwe tó jọ ọ́, pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n mo ti ń bá òwe yìí jà láti ìgbà tí ìbéèrè yìí ti gbà mí lọ́kàn. Òtítọ́ Dean ti jáde síta ní oṣù Kẹfà ọdún 1973, ó dúró níbẹ̀, kò sì lè ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rọ ló gbé e lẹ́sẹ̀, ẹlẹ́ṣẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sì ra ẹ̀rọ náà.

Ó tún gbìyànjú láti gbà á padà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1974, ọjọ́ 8, Ford dárí ohun gbogbo jì í, àti èyí tí wọ́n mọ̀ àti èyí tí wọn kò tíì mọ̀. Ìgbà náà gan-an ni ìjọba kéde àdéhùn kan tí Nixon ṣe pẹ̀lú Arthur Sampson, ọ̀gá àjọ tó ń tọ́jú dúkìá ìjọba, pé kí wọ́n ba àwọn téèpù náà jẹ́ nígbà tó bá kú tàbí ní ọdún 1984, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Ìdáríjì ni gbogbo ènìyàn pariwo lé lórí. Èmi rò pé àdéhùn yẹn ló burú jù. Àwọn aṣòfin kò jẹ́ kó ríbẹ̀ lọ: nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá, wọ́n ti ṣòfin tó gba téèpù àti ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ó pàdánù ní ọdún 1977. Ní ọdún 1978 òfin mìíràn jáde pé ìwé ààrẹ tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn yóò jẹ́ ti aráàlú. Ó sì ń bá ìjà náà lọ títí ikú fi dé ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1994. Ní ọdún 2000 ìjọba gbà láti san mílíọ̀nù 18 dọ́là fún àwọn tó jogún rẹ̀, nítorí dúkìá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni àwọn tó jókòó sórí àga náà lẹ́yìn rẹ̀ kọ́? Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ni pé kí wọ́n má gba ohùn sílẹ̀. A kò tún gbọ́ pé ààrẹ kan gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sínú ògiri mọ́. Òfin ọdún 1978 lè tọ́jú ohun tí wọ́n bá kọ. Kò lè tọ́jú ohun tí wọ́n bá sọ lẹ́nu tí wọ́n sì gbé mì. Ìjọba tí à ń wí pé Watergate ṣí sílẹ̀ fún aráàlú ti kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Níbi ìsìnkú rẹ̀ ní Yorba Linda, Bill Clinton bẹ̀bẹ̀ pé kí ọjọ́ tí à ń fi ohun tí kò tó gbogbo ìgbésí ayé Nixon dá a lẹ́jọ́ dópin. Inú àwọn kan kò dùn sí i. Èmi gbà á, ṣùgbọ́n n kò rò pé Clinton mọ ohun tó ń tọrọ. Gbogbo ìgbésí ayé náà ní ìrìn-àjò China ti ọdún 1972 nínú, àti àjọ tó ń dáàbò bo àyíká tó dá sílẹ̀ ní ọdún 1970, àti àdéhùn ohun ìjà pẹ̀lú Soviet. Ó sì ní wákàtí 3,700 náà nínú. Kò sí ẹlòmíràn nínú àwọn ààrẹ Amẹ́ríkà tí a lè gbọ́ báyẹn, láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, lọ́jọ́ tó ń ṣe rere àti lọ́jọ́ tó ń ṣe ibi. Reagan wà lára àwọn tó wá síbi ìsìnkú náà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ìjíròrò orí fóònù rẹ̀ àti Nixon jáde ní ọdún 2000, wọ́n gé ibi tó ti bú àwọn ará Áfíríkà kúrò, kí wọ́n lè pa àṣírí ara rẹ̀ mọ́. Clinton náà kò tíì mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé téèpù tí ẹlòmíràn gbà lórí fóònù ni yóò ti òun sọ́wọ́ àwọn aṣòfin ní ọdún 1998.

Bó bá jẹ́ pé Nixon gbọ́ ti Buzhardt ní Bethesda, mo rò pé yóò parí sáà rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1977, ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sì máa pe Dean ní òpùrọ́ títí di òní. Ẹ̀rín orí fóònù yẹn kì bá ti jó mọ́ ìyókù, àwa ì bá sì máa fi ọ̀rọ̀ Biafra rẹ̀ ṣe ìrántí ọ̀rẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà.